Abẹ́rẹ́ Tí Tẹniọlá Gbà Lókèèrè

Tẹniọlá kì í ṣe ẹni tí abẹ́rẹ́ ń dẹ́rù bà. Láti kékeré, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba bá wọ ilé ìwé wọn ní Ìkòròdú, tí àwọn ọmọ yòókù ń bẹ́ gba ojú fèrèsé, òun ni yóò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè tí yóò lọ dúró níwájú, tí yóò sì máa wo abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń wọlé bí ẹni pé apá ẹlòmíì ni. Mùlíkátù ìyá rẹ̀ a máa fi èyí yangàn kiri àdúgbò. Ó ní ọmọ tí kò bẹ̀rù abẹ́rẹ́ kò ní bẹ̀rù ohunkóhun láyé. Ìyá ọmọ ló sọ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò bá a jiyàn? Ilé wọn rí bí ọ̀pọ̀ ilé Ìkòròdú ṣe rí: ìyá ń kírun ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, bàbá tó ti dolóògbé jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ sì tẹ̀lé bàbá lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tó bínú sí ẹnì kankan.

Lọ́dún 2005, nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, Tẹniọlá bá àbúrò ìyá rẹ̀ lọ sí ìlú Jóhánẹ́sìbọ̀gì ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n jọ ń dirun fún àwọn obìnrin ibẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀ ti ń parí lọ nígbà tí àwọn oníṣègùn kan gbé iṣẹ́ wọn dé ọsibítù àdúgbò. Wọ́n ń wá àwọn tí ara wọn dá ṣáká, tí kò ní àrùn éèdì, tí yóò yọ̀ǹda ara wọn kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun kan dán wọn wò. Ẹ ti mọ ẹni tó kọ́kọ́ ká apá aṣọ sókè.

Nọ́ọ̀sì kan tó sanra, tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ló ṣe àlàyé fún wọn. Ó ní àwọn mú kòkòrò àìfojúrí kan tó máa ń fún èèyàn ní ọ̀fìnkìn, àwọn sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bí a ṣe ń tẹ òbúkọ lọ́dàá, kò lè bímọ mọ́ nínú ara ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn di ẹrù kékeré kan lé e lórí, ìyẹn àwòkọ díẹ̀ lára kòkòrò éèdì, tí kò tó ohun tó lè dá ẹnì kankan dùbúlẹ̀. Ó ní ó dà bí kí èèyàn mú fìlà olè lọ fi han àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò, kí wọ́n lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ tí olè fúnra rẹ̀ bá dé. Fìlà nìkan ni wọ́n rí, olè kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fìlà yìí dùn mọ́ Tẹniọlá nínú gan-an. Ó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ó gba èkejì. Wọ́n fún un ní káàdì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan bá sọ pé ẹni yìí ní éèdì, kí wọ́n má tíì gbà, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ọlọ́dẹ inú ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ rí. Kí wọ́n pe nọ́ńbà báyìí, kí wọ́n sì ṣe irú àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò náà gan-an.

Kó tó gba ẹ̀kẹta ni wọ́n ránṣẹ́ pe gbogbo wọn, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007. Nọ́ọ̀sì ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní àwọn ti dá iṣẹ́ náà dúró. Abẹ́rẹ́ náà kò dá olè dúró. Ní ibòmíì tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀, ó tilẹ̀ jọ pé olè rí àyè wọlé sára àwọn kan tó gbà á ju àwọn tí kò gbà á lọ. Kí kálukú máa ṣọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò gba nǹkan kan. Tẹniọlá sunkún díẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí ó ti ń rò ó pé òun ni yóò gba ayé là. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn àjèjì kiri òpópónà ibẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé.

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù irun sí Ìpakodo, níbi tí àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi máa ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni Adélàjà ti rí i, nígbà tó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá dirun. Ọmọ Èjìnrìn ni Làjà lápá Ẹ̀pẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní agbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Ìkòròdú, ó sì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ tó ń tọ́ àwọn èèyàn sí àyè ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí Tẹniọlá náà ń lọ. Ẹ̀rín rẹ̀ kò pọ̀. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ á já a sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á sì wá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù títí wọn yóò fi tì í.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n jọ jókòó sí etí omi ní jẹ́tì, Tẹniọlá sì fẹ́ kí ọkùnrin yìí mọ̀ pé òun kì í ṣe onídìrí lásán. Ó sọ ti abẹ́rẹ́ fún un. Ó sọ ti òbúkọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, ó sọ ti fìlà olè, ó sọ bí àwọn dókítà ṣe bọ òun lọ́wọ́ tí wọ́n dúpẹ́. Ibẹ̀ ló dúró sí. Kò sọ pé wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró, kò sọ pé abẹ́rẹ́ náà kò dáàbò bo ẹnì kankan. Ta ló máa ń sọ fún ọkùnrin tó wù ú pé ọjà tí òun rù lọ sókèèrè kò tà?

Làjà bi í pé ṣé títí láé ni nǹkan náà yóò fi wà lára rẹ̀. Tẹniọlá rẹ́rìn-ín, ó ní àfi bí òun bá bọ́ awọ ara òun. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà tí Làjà fi dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Kò fọwọ́ kàn án rí, kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sùn lọ́dọ̀ òun. Tẹniọlá ń sọ ọ́ kiri fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹni Ọlọ́run ni òun rí.

Ìlànà kan wà ní ìjọ wọn, bó ti wà ní ọ̀pọ̀ ìjọ nígbà náà. Pásítọ̀ kì í so tọkọtaya pọ̀ àfi bí wọ́n bá ti ṣe àyẹ̀wò éèdì ní ilé àyẹ̀wò tí ìjọ yàn. Èsì kì í gba ọwọ́ wọn kọjá. Inú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa ló ń gbà lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó, Bàbá Ọláògún tó jẹ́ alága wọn, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni yóò sì ṣí i níṣojú àwọn méjèèjì. Tẹniọlá lọ ṣe tirẹ̀ láìmú káàdì dání. Ó ti lé ní ọdún méjì, ó ní àwọn ọlọ́dẹ yẹn á ti sùn lọ.

Wọn kò sùn. Bàbá Ọláògún ṣí àpòòwé, ó ka ti Làjà, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó ka ti Tẹniọlá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Nígbà tó sọ ohun tó wà níbẹ̀, Tẹniọlá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá, bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ pé kò dún dáadáa. Wọ́n ní kó lọ mú káàdì wá. Ó sáré lọ mú un. Wọ́n fi fóònù pe nọ́ńbà orí rẹ̀ níbẹ̀, ohùn obìnrin kan sì ń sọ ọ́ léraléra pé nọ́ńbà náà kò sí mọ́. Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ wá bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, ṣé ohun tó ń sọ ni pé ó fúnra rẹ̀ na apá kí wọ́n gún òun ní kòkòrò éèdì? Ó ní rárá, àwòkọ rẹ̀ ni, orí kòkòrò ọ̀fìnkìn ni wọ́n dì í lé. Àwọn àgbà wo ara wọn. Bó bá dákẹ́, ó ní éèdì; bó bá sọ̀rọ̀, ó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Làjà nìkan ni ojú rẹ̀ kò yí padà. Kódà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dìde dúró, ó sọ pé, "Ẹ̀yin àgbà, mo gba ohun tó sọ gbọ́. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Mo ṣì máa fẹ́ ẹ."

Ká ní wọ́n ní kí Tẹniọlá kú fún ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn, ì bá bi wọ́n pé ìgbà wo ni kí òun bẹ̀rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ kò gbà, wọn kò sì kọ̀. Wọ́n ní kó lọ wá èsì tó lè ta ti ilé àyẹ̀wò àwọn yọ, wọ́n sì sún ìgbéyàwó síwájú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní kọ̀rọ̀ ti dé Ìpakodo kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ ń mú òòyà tiwọn wá láti ilé, lẹ́yìn náà wọn kò mú òòyà wá mọ́, àwọn fúnra wọn kò sì wá. Ọlọ́kadà tó máa ń gbé e lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ní òun ti ní èrò. Ilé, ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ibi tó yà sí tí ojú àwọn èèyàn kì í tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ kì í dùn lẹ́nu ìyá olè, àmọ́ Mùlíkátù kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pòwe mọ́. Ó ń bá wọn jà láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun ló bí ọmọ òun, kò sí ìwé kankan tí yóò wá sọ ọmọ náà fún òun.

Tẹniọlá lọ sí Yábàá, sí ilé ìwádìí kan tí wọ́n ti lè wá kòkòrò náà gan-an. Dókítà tó wà níbẹ̀ ka káàdì rẹ̀, ó ní ó yé òun. Tẹniọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oorun kò kùn ún, oúnjẹ kò wù ú. Ní ọjọ́rú kan, wọ́n fún un ní ìwé tó sọ pé kò sí kòkòrò éèdì kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Ó pinnu pé Làjà ni yóò kọ́kọ́ rí i, lójúkojú, wọ́n sì ti jọ ṣàdéhùn láti lọ kí ìyá Làjà ní Èjìnrìn lọ́jọ́ ọjà wọn.

Ìyá náà ń ta ẹja gbígbẹ. Ó ń pe Tẹniọlá ní ìyàwó mi níṣojú gbogbo ọjà, ó ń kó ẹja sínú ọ̀rá fún un láìwo iye tó jẹ́. Òkìkí Ìkòròdú kò tíì rékọjá omi débẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì rìn lọ sí etí ọ̀sà níbi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mọ́, Tẹniọlá sì fa ìwé náà yọ.

Làjà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni, nígbà náà. Kò lè mú ọ láéláé."

"Kí ni kò lè mú mi?"

Làjà ká ìwé náà, ó fi lé e lọ́wọ́ padà. Ó ní lọ́dún méjì sẹ́yìn ni òun lọ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ní ọsibítù, wọn kò gba ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n pe òun sínú yàrá, wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún òun. Òun kò sọ fún ẹ̀dá kankan láti ọjọ́ náà, òun kò sì padà síbẹ̀ lọ gba oògùn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí òun lórí ìlà. Ọláòtán àbúrò òun ni òun rán lọ sí ilé àyẹ̀wò ìjọ pé kó lọ fa ẹ̀jẹ̀ lórúkọ òun. Ọmọ náà rò pé abẹ́rẹ́ ló ń ba òun lẹ́rù. Òun ti pinnu pé òun kò ní fẹ́ ìyàwó láyé òun, torí òun kò fẹ́ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ìgbà náà ni Tẹniọlá sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ fún òun.

"Ìwọ nìkan ni mo lè fẹ́ láìṣe ọ́ níbi," ló wí. "Wọ́n ti gún ọ. Nígbà tí Bàbá Ọláògún ka èsì yẹn, mo ní ẹ ò rí i, ó ṣì wà lára rẹ̀ digbí. Ọlọ́run ló rán ọ sí mi."

 Tẹniọlá ti rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, abẹ́rẹ́ ikọ́ fée, gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fún wọn láti kékeré, ohun kan náà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí: bí wọ́n bá ti gún ọ, ó parí. Báwo ni Làjà ì bá ṣe mọ̀ pé èyí yàtọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ló pa á mọ́ sínú?

"Làjà, abẹ́rẹ́ yẹn ò dènà nǹkan kan," ló sọ fún un. "Wọ́n dá a dúró. Ó lè mú mi bó ṣe lè mú ẹnikẹ́ni."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Mi ò sọ ọ́."

Wọ́n dúró síbẹ̀ bí ẹni tí odò ti gbé ẹrù wọn lọ. Inú bí Tẹniọlá, àánú ọkùnrin náà tún ṣe é, ojú ara rẹ̀ sì tún ń tì í, gbogbo rẹ̀ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó mọ̀ pé ọ̀nà wà fún irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ láti jọ gbé kí àrùn náà má ran ẹni tí kò ní in. Nọ́ọ̀sì òkèèrè ti sọ ọ́ fún wọn. Àmọ́ ọ̀nà yẹn ń fẹ́ ẹni méjì tó là á mọ́lẹ̀ fún ara wọn, Làjà sì ti fẹ́ mú un wọ ilé lójú dídì. Kò lè fẹ́ ẹ mọ́.

Nínú ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ padà sí Ìkòròdú, Tẹniọlá ń rò ó, iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Bó bá fi ìwé Yábàá han ìgbìmọ̀, wọn á yọ̀, wọn á dá ọjọ́ ìgbéyàwó, kò sì ní sí ìdí tó lè fi kọ̀. Bó bá kọ̀, tó sọ ìdí rẹ̀, ìwé Làjà mọ́ lọ́wọ́ ìjọ, tirẹ̀ ló lábàwọ́n. Bí wọ́n bá sì tún Làjà yẹ̀ wò tí wọ́n bá a lára rẹ̀, ta ni wọ́n máa ní ó kó o ràn án? Bó bá pariwo, wọn á lé Làjà kúrò ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ, ìyá tó ń ta ẹja ní Èjìnrìn yóò sì gbọ́ ọ láàárín ọjà. Bó bá kọ̀ láìsọ nǹkan kan, Mùlíkátù kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi títí yóò fi mọ̀ ọ́n, bó bá sì mọ̀ ọ́n, gbogbo Ìkòròdú ti mọ̀ ọ́n.

Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ó bá Làjà sọ̀rọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ Ajé, kí Làjà lọ sí ọsibítù ìjọba, kó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún àwọn èèyàn. Ó ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ obìnrin kankan láéláé láìkọ́kọ́ sọ fún un. Bó bá ṣe méjèèjì, ẹnu òun yóò mọ́ síbẹ̀. Làjà gbà, ó búra. Ó wá béèrè ohun tí Tẹniọlá yóò sọ fún ìgbìmọ̀, Tẹniọlá sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n jókòó sínú yàrá kékeré lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Ọláògún bi í bóyá èsì Yábàá ti dé. Làjà tẹ orí ba. Ìwé náà wà nínú àpò tí Tẹniọlá gbé lé itan.

"Ó ti dé, bàbá," ló wí. "Ohun kan náà ni méjèèjì sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Làjà máa lọ lọ́dọ̀ mi."

Kò sí ẹni tó bú u. Ìyá ìgbìmọ̀ tó bi í ní ìbéèrè lọ́jọ́ sí tilẹ̀ sunkún. Bàbá Ọláògún gbàdúrà gígùn fún un, ó sì yin Làjà fún ìfaradà rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Làjà kò lè gbójú sókè títí tí àdúrà fi parí.

Ọ̀rọ̀ dé ilé ṣáájú rẹ̀. Mùlíkátù jókòó sórí ẹní ìrun rẹ̀, kò sì ń kírun. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé ṣé òótọ́ ni, Tẹniọlá sì mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu sọ ohun mìíràn, ìyá yìí yóò ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ọláògún kí àlẹ́ tó lẹ́. Ó ní òótọ́ ni.

Ìyá náà kò pariwo. Ó ní, "Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo gbé Kùránì lé orí níṣojú gbogbo obìnrin mọ́ṣáláṣí wa, mo búra fún wọn pé kò sí nǹkan kan lára ọmọ mi. Tẹni, o jẹ́ kí n búra èké."

"Ẹ má bínú, Màámi," ni ohun tí Tẹniọlá rí sọ.

Láti ọjọ́ kejì ni Mùlíkátù ti gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí àlùfáà ní kó fi tọrọ àforíjì fún ìbúra náà. Tẹniọlá ló ń se oúnjẹ ìṣínu fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á gbé e síwájú rẹ̀, á jókòó tì í, á sì máa wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń bẹ Ọlọ́run nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.